Àwọ̀n Tí Kò Ya

Inú ń bí mi, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín. Nígbà tí mo ṣì kéré ní Ẹlẹ́kọ, létí òkun, ẹnikẹ́ni kì í pe ẹni tó bá ń tún àwọ̀n ṣe. Ìyàwó kì í pè é, ọmọ kì í pè é, àlejò á jókòó dè é. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá dáhùn ìpè lórí àwọ̀n yóò fo ojú àwọ̀n kan, ẹja yóò sì gba ibẹ̀ sá lọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ní ìyàwó mẹ́ta àti ọmọ mọ́kànlá. Bí àsìkò ẹja bá dé, ilé wa kì í rójú: èéfín ẹja yíyan, ẹkún ọmọdé, ìjà lórí agbọ̀n, àwọn oníbàárà láti Ẹ̀pẹ́. Bàbá á gbé àwọ̀n, á lọ sábẹ́ igi àgbọn kan, á jókòó síbẹ̀ títí oòrùn á fi rọlẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo yọ́ tẹ̀ lé e. Àwọ̀n náà ò ya rárá! Bàbá mi ló fa ọ̀bẹ yọ, tó gé e fúnra rẹ̀, tó mí kanlẹ̀, tó wá ń hun ún padà díẹ̀díẹ̀.

Mo sáré wálé lọ rò ó lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti jókòó báyìí, wọ́n á ké sí i: "Bàbá wa, ẹ dáhùn o, a ti mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ gé e!" Bàbá kò nà mí. Nígbà tó yá, ó wò mí, ó ká àwọ̀n, ó wọlé. Kò padà sábẹ́ igi yẹn mọ́.

Ilé ọmọbìnrin mi ní Abraham Adésànyà Ẹsiteeti, ní Ajah, ni mo ti wá mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá mi. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, àwọn ẹ̀gbọ́n ọmọ ń múra ìdánwò, ọkọ rẹ̀ ń jí lọ síbi iṣẹ́ ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí kí ilẹ̀ tó mọ́. Èmi ni mò ń ṣí géètì, èmi ni mò ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Bàbá, ẹ bá wa pa jẹnẹrétọ̀!" "Bàbá, ẹ ò rí ṣájà mi?" Mo ní ó ti rẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n lọ lo ọjọ́ méjì ní Ẹlẹ́kọ, èmi nìkan. Ṣé Yorùbá kọ́ ni mo sọ ni?

Gbogbo wọn ló tẹ̀ lé mi! Ọmọ mi ní, "Háà, Dádì, báwo la ṣe máa fi ẹ̀yin nìkan sílẹ̀? Gbogbo fámílì ló máa jọ rìláàsì." Wọ́n gba yàrá mẹ́ta ní hòtẹ́ẹ̀lì kékeré kan. Ibi tí igi àgbọn bàbá mi wà gan-an ni wọ́n kọ́ ọ sí, sípíkà ńlá ló sì wà níbẹ̀ tó ń pariwo. Inú bí mi, mo fi oúnjẹ wọn sílẹ̀ lórí tábìlì.

Mo rìn lọ bá àwọn apẹja, wọ́n ta mí lọ́rẹ àwọ̀n àtijọ́ kan, wọ́n yá mi ní ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ onígi. Mo jókòó sórí yanrìn. "Dádì! Dádì o!" N kò dáhùn. Ọmọ mi dé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé àwọ̀n sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Dádì, àwọ̀n yìí ò mà ya."

Mo fa ọ̀bẹ, mo gé e lójú rẹ̀. "Ó ti ya báyìí."

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Láyé bàbá mi, irọ́ àwọ̀n tó ya tó fún un láti fi sinmi, kí ẹnu mi tó bà á jẹ́. Láyé tiyín, òtítọ́ ni mo sọ, mo ní ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi sì lọ gba yàrá mẹ́ta láti bá mi sinmi.