Ọwọ́ Ràmọ́nù Wà Lẹ́nu Iṣẹ́

Gbogbo ẹni tó wà ní Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní ọdún 1987 ló mọ bí Ràmọ́nù Onírédíò ṣe kọ̀ láti gbé ọwọ́ sókè nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Àwọn tí ò sí níbẹ̀ pàápàá ń sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n kan sórí tábìlì nínú kíláàsì tó tóbi jù ní ilé ìwé, wọ́n so ọ̀dínátọ̀ mọ́ ọn, ẹ̀rọ tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀mpútà. Àwòrán ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wà lójú ẹ̀, ó mọ́ gaara, gbogbo ilẹ̀ náà ní àwọ̀ ewé, ìràwọ̀ pupa kan wà láàárín ẹ̀. Kámáráàdì Gaston, aṣojú ìjọba tó wá láti Àjàṣẹ́, jókòó síwájú. Ràmọ́nù dúró sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fi ìka méjì fún ẹnu wáyà mọ́ ibi tí wọ́n tì í bọ̀. Bí kò bá fún un, àwòrán á fọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Gbogbo èèyàn dìde, wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọ́n nà án sókè. Ràmọ́nù nìkan ni ò na nǹkan kan. Gaston rí i, ó ní kí wọ́n dá orin dúró.

"Kámáráàdì, ọwọ́ yín dà?"

"Ó wà lẹ́nu iṣẹ́, kámáráàdì."

"Orin orílẹ̀-èdè là ń kọ. Ẹ gbé e sókè."

"Ṣé kí n gbé tòsì?"

"Òsì kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ bú wa ni?"

Ràmọ́nù bá gbé tọ̀tún sókè. Lójú ẹsẹ̀, ìràwọ̀ gba apá kan lọ, ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ gba apá kejì, gbogbo ẹ̀ tú ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fádìyẹ.

"Dá a padà," ni Gaston ń pariwo, ó ti gbàgbé pé àgbàlagbà lòun ń bá sọ̀rọ̀. "Dá ọwọ́ ẹ padà kíá."

Ràmọ́nù dá a padà. Ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pé jọ. "Ẹ ti rí i báyìí, kámáráàdì," ló wí. "Tí mo bá gbé ọwọ́ sókè, orílẹ̀-èdè á tú ká."

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ẹ̀rín pàápàá máa ń dúró gbàṣẹ. Gaston wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo Ràmọ́nù, ó wo tẹlifíṣọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ikùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tó rẹ́rìn-ín, díẹ̀ ló kù kí òrùlé kíláàsì ṣí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ kámáráàdì wà níbi tó wà. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógójì ló wà níbẹ̀. Sìdíkù, àbúrò Ràmọ́nù, ló ń wo aago. Títí dòní, bí wọ́n bá pe èèyàn wá pa oko ìlú ní Kétu, tí kò fẹ́ lọ, ohun tó máa ń sọ ni pé ọwọ́ òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ràmọ́nù ò lo ju ọdún méjì lọ nílé ìwé. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lójú ọ̀nà ọjà. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ DÓKÍTÀ RÉDÍ sí pákó iwájú ẹ̀, lẹ́tà tó kẹ́yìn ò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní ẹni tí rédíò ẹ̀ ń ṣàìsàn ò ráyè kà á dópin.

Kò sí nǹkan tó ń bàjẹ́ lójú Ràmọ́nù. Bí o bá gbé rédíò wá, tó o ní ó ti bàjẹ́, á ní, "Kò bàjẹ́, inú ló ń bí i. Kí lẹ ṣe fún un?" Á wá máa bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ bí àgbà tó ń parí ìjà tọkọtaya. Àgbẹ̀ kan gbé tiẹ̀ wá láti Okpomèta, ó ní kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́fà.

"Níbo lo gbé e sí?" ni Ràmọ́nù bi í.

"Orí àpò ata ni, Bàbá."

"Ìwọ náà lọ jókòó sórí ata fún ọjọ́ mẹ́fà, ká wò ó bóyá wàá sọ̀rọ̀."

Ọ̀dínátọ̀ yẹn, Philomène ló ni ín, obìnrin tó ń kọ́ni ní ìṣirò nílé ìwé, tí wọ́n ń pè ní Mètìrẹ́ẹ̀sì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní Lyon ló fi ránṣẹ́ sí i kó máa fi kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ̀rọ náà ò ní ojú tiẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ló gbọ́dọ̀ fi ṣe ojú. Babalọlá tó ń ta sìmẹ́ńtì yọ̀ǹda tiẹ̀, èyí tó rà ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ Ajé tí wọ́n so méjèèjì pọ̀, àwòrán ń ṣàn lọ sókè bí omi tó ṣìnà, ibi tó yẹ kó funfun ló dúdú, ibi tó yẹ kó dúdú ló funfun. Ọjọ́ yẹn náà ni lẹ́tà dé láti Àjàṣẹ́. Kámáráàdì Gaston ń bọ̀ ní Àbámẹ́ta. Bí àwòrán bá mọ́, ọ̀dínátọ̀ á dúró ní Kétu. Bí kò bá mọ́, òun á gbé e lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí tẹlifíṣọ̀n gidi wà.

Philomène mú lẹ́tà náà lọ bá Ràmọ́nù, omi ti lé sí i lójú.

"Bàbá, wọ́n fẹ́ gbé e lọ."

"Ta ló fẹ́ gbé e?"

"Ìjọba ni."

"Ìjọba á bá mi níbẹ̀," ni Ràmọ́nù wí. Kò tíì fojú kan ọ̀dínátọ̀ rí láyé ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ló débẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ní kí wọ́n gbé gúrúpù, ẹ̀rọ tó ń fún wọn níná, kúrò lẹ́nu fèrèsé, pé ariwo ẹ̀ ń wọnú àwòrán. Wọ́n gbé e jìnnà ní ogójì ìṣísẹ̀. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó ń jó lójú tẹlifíṣọ̀n lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán ò yéé ṣàn. Ó pààrọ̀ wáyà. Ó ń ṣàn. Ó wá jókòó, ó ń wo ẹ̀rọ méjèèjì títí wọ́n fi pe ìrun ọ̀sán. Ó wá ní:

"Mètìrẹ́ẹ̀sì, níbo ni ọ̀dínátọ̀ yìí ti wá?"

"Ilẹ̀ Faransé ni, Bàbá."

"Télé Babalọlá ńkọ́?"

"Nàìjíríà."

Ràmọ́nù pàtẹ́wọ́. "Ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀kan ń sọ Faransé, èkejì ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti jókòó tira wọn, wọn ò gbọ́ra wọn yé."

Babalọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ràmọ́nù, ara ẹ ò yá. Irin ni, kì í ṣe èèyàn. Télé mi yìí, ojoojúmọ́ ló ń sọ Yorùbá fún mi."

"Ó ń sọ ọ́ ni. Ṣé o ti bi í bóyá ó yé e?"

Tẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ló ti ilẹ̀ Faransé wá ní gbogbo Kétu nígbà yẹn, Firmin tó ń ṣiṣẹ́ dùwánì, ìyẹn kọ́sítọ́ọ̀mù, lẹ́nu bodè ló ni ín. Ó fi aṣọ funfun bò ó. Ìyàwó ẹ̀ pàápàá gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó nù ún. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ràmọ́nù lọ síbẹ̀.

"Bàbá Ràmọ́nù, kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀, télé mi kì í jáde."

"Mo mọ̀. Mo kàn wá kí ọ ni."

Ó jókòó. Ó béèrè àlàáfíà ìyàwó, ó béèrè tàwọn ọmọ, ó béèrè tewúrẹ́. Ó béèrè àlàáfíà tẹlifíṣọ̀n náà. Ó mu omi, ó dìde.

"Babalọlá náà ní kò burú," ló wí bó ṣe ń wọ bàtà.

"Kí ni kò burú?"

"Ó ní tòun ju tìẹ lọ. Èmi ò dá sí i o. Ó dàbọ̀."

Kò tíì dé ìta gbangba tí Firmin fi ké sí i pé kó dúró. Firmin ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan tẹlifíṣọ̀n náà. Orí ara ẹ̀ ló fi rù ú dé ilé ìwé, ó fi fìlà dùwánì ṣe òṣùká.

Wọ́n so ó. Àwòrán dúró jẹ́ẹ́. Funfun di funfun, dúdú di dúdú, àwọ̀ ewé àti pupa yọ jáde. Babalọlá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Àmọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n ṣì ń gbọ̀n wẹ́wẹ́, bí ìgbà tí eèrà bo ṣúgà. Ràmọ́nù mú irin tó fi ń tú ìdè, ó rọra ń yí nǹkan kékeré kan lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Ó ní kí gbogbo èèyàn dá èémí dúró, pé atẹ́gùn imú wọn ń ti òun lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ló yí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju fífẹ̀ irun orí lọ. Ní ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún, gbogbo eèrà yẹn wọlé lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Philomène fò mọ́ Ràmọ́nù, fìlà ẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fò yẹn, tábìlì mì, àwòrán tún fọ́.

Ẹnu wáyà ló ti yẹ̀. Bí wọ́n bá fi ìka fún un, àwòrán á padà. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á lọ.

"Ẹ fi òjé jó o mọ́ra, Bàbá," ni Philomène wí. Òjé ni Ràmọ́nù fi ń so gbogbo wáyà pọ̀. Ó máa ń yọ́ ọ pẹ̀lú irin gbígbóná.

"Kékeré ni. Ó ku díẹ̀ nílé. Mo ń mú un bọ̀ lọ́la."

Lọ́la, tó jẹ́ Alàmísì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló tó dé, ọwọ́ ẹ̀ ṣófo. Wọ́n bi í léèrè òjé. Ó gbójú sókè, ó ń wo òrùlé.

"Òjé? Kí lòjé mọ̀? Òjé ò mọ̀gbà tí àlejò pàtàkì dé. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n. Èmi ni màá di wáyà mú."

"Ìgbéraga á pa ọ́, Ràmọ́nù," ni Babalọlá wí.

"Kó jẹ́ kí Gaston kọ́kọ́ lọ ná."

Bó ṣe di wáyà mú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Kí Gaston tó wọ mọ́tò, ó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀dínátọ̀ á dúró ní Kétu. Philomène ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún ní kí Sìdíkù kà á sétí òun. Ní ti Ràmọ́nù, ìka méjèèjì yẹn ò ṣeé nà fún ọjọ́ méjì gbáko. Bó ṣe ń fi wọ́n kí àwọn èèyàn lọ́jà nìyẹn, bí ẹni tó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, òjé tuntun dé láti Kútọnu. Ràmọ́nù jó ẹnu wáyà náà mọ́ra láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní òjé ò mọ nǹkan kan," ni Philomène fi ṣẹ̀fẹ̀.

"Mo ti kọ́ ọ."

Nígbà tó yá, onímọ̀ ẹ̀rọ kan gba Kétu kọjá, ó sì ṣàlàyé fún wọn pé lóòótọ́ ni, bí àwọn Faransé ṣe ń fi àwòrán ránṣẹ́ yàtọ̀ sí bí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ṣe ń gbà á. Ràmọ́nù gbọ́ ọ jẹ́ẹ́ títí dópin. Ó wá ní kí ọkùnrin náà jọ̀ọ́ kó tún un sọ, pé Babalọlá ò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ọkùnrin náà tún un sọ.

Ràmọ́nù kú ní oṣù kẹfà ọdún 1989. Ibà ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Èrò kún agbo ilé ẹ̀. Ẹnì kan ń sọ ti àpò ata, ẹlòmíì ń sọ ti fìlà dùwánì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń nu ojú. Sìdíkù ló fẹ́ wẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń múra, Ìyá Àyìsátù, arúgbó tó ń gbé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́nù, wọlé pẹ̀lú agolo tó fi ń ṣe àlùwàlá.

"Sìdíkù, èyí ni kẹ́ ẹ fi wẹ̀ ẹ́."

"Ìyá, ike tuntun wà nílẹ̀. Agolo yìí ò ní jò báyìí?"

"Kò ní jò. Òun ló dí i fún mi. Alàmísì tó ṣáájú Àbámẹ́ta ọ̀dínátọ̀ yẹn ni. Ìdí ẹ̀ ti lu, omi inú ẹ̀ á ti tán kí n tó débi ẹsẹ̀. Ó ní òjé tó kù lọ́wọ́ òun ò ju èyí tó máa dí i lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ṣebí iṣẹ́ ìjọba wà níwájú ẹ̀. Ó ní ìrun mi ò lè máa dúró de mọ́tò Kútọnu."

Philomène wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyá, ṣé Alàmísì yẹn gan-an ni? Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan, pé bí Babalọlá bá gbọ́, á ní orí òun Ràmọ́nù ò pé."

Babalọlá dúró sí ìtòsí. Ó yíjú sí ògiri.

Sìdíkù gba agolo náà. Apá ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ó da omi sí ọwọ́, ó rọra na ìka méjèèjì yẹn, ó fọ àárín wọn. Ẹ̀ẹ̀mejìlá ni wọ́n bu omi sínú agolo náà kí wọ́n tó wẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ̀kán omi kan ò jò nídìí ẹ̀.