Kìlómítà Ogójì Ọjọ́ Sátidé

Ní ọdún 1994, epo wọ́n bí ojú ní Ọ̀wọ̀. Mọ́tò kan ṣoṣo ni èmi àti ọkọ mi ní. Òun ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, nítorí náà èmi ni mò ń gbé mọ́tò lọ sí Ìpele láràárọ̀, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àwọn ọmọ tiwa ti lọ, àwọn kan sí yunifásítì, àwọn kan sí ilé ọkọ. Bí a bá ń jẹun alẹ́, ìró ṣíbí nìkan ni ẹ máa gbọ́ nílé wa.

N kì í gba abẹ́rẹ́ tó ń sọ iye epo tó kù gbọ́. Onírọ́ ni. Bí a bá rọ epo kún táǹkì tán, á dúró lókè gangan fún ọjọ́ mẹ́ta bí ẹni pé a kò rìn rárá. Tó bá ti kọjá ìdajì, á sáré wálẹ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Tí a bá ń gun òkè, á ní epo ti tán; tí a bá ń sọ̀ kalẹ̀, á yí ohùn padà. Tíṣà ìṣirò kì í gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀. Mo rọ epo kún táǹkì dé ẹnu, mo lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan, mo tún rọ epo kún un dé ẹnu, mo sì wo iye lítà tó wọlé. Mo mọ ibi tí mo lọ: Ìpele lẹ́ẹ̀marùn-ún, ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pín in. Lítà kan tó máa ń gbé wa rin kìlómítà mẹ́wàá tẹ́lẹ̀ kò gbé wa tó mẹ́jọ mọ́.

Mo gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó yí púlọ́ọ̀gì padà, ó dọ̀bálẹ̀ yẹ ìdí táǹkì wò bóyá ó ń jò.

“Màmá tíṣà, mọ́tò yín ò ṣe nǹkan kan o. Mítà tó ń ka kìlómítà ńkọ́, ṣé ẹ wò ó?”

N kò wò ó. Èmi tí mò ń fi ẹgba kọ́ ọmọ pé kó ka ìbéèrè dáadáa kó tó dáhùn! Ibi tí èmi lọ ni mo kà, n kò ka ibi tí mọ́tò lọ.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà ojú mítà sílẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni àṣírí tú. Tí mo bá wà ní ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ mi á gbé mọ́tò, á ní òun fẹ́ ra ìwé ìròyìn ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Kìlómítà ogójì! Ìwé ìròyìn wo ló wà lọ́nà tó jìn tó bẹ́ẹ̀? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wò ó, ogójì náà ni. Ọkàn mi sọ fún mi pé obìnrin ni. N kò sì ní ẹnì kan tí mo lè sọ ọ́ fún.

Tíṣà kan tó ń ti Ìfọ̀n wá síṣẹ́ ló ṣèèṣì sọ fún mi pé òun máa ń rí mọ́tò wa létí títì Ìfọ̀n bí òun bá ń bọ̀ wá ọjà Ọ̀wọ̀ ní Sátidé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò lọ sí ìpàdé. Mo wọ bọ́ọ̀sì Ìfọ̀n, mo sì sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo ti rí mọ́tò wa. Mo ti tú gèlè mi sínú báàgì, torí ìjà ni mo bá lọ.

Ọkọ mi nìkan ni mo bá. Ó páàkì sábẹ́ igi, ó sọ gíláàsì kalẹ̀, ó jókòó sí ìdí sitiarí. Mo wo ẹ̀yìn mọ́tò, mo wo inú igbó. Kò sí ẹnì kankan.

“Bàbá wọn, kí lẹ wá ṣe níbí?”

Kò tilẹ̀ bínú. “Mo jókòó ni.”

“Ṣé kò sí àga nílé ni?”

“Ilé dákẹ́ jù, Ìyá wọn. Níbí, àwọn awakọ̀ máa ń juwọ́ sí mi.”

Obìnrin ì bá sàn fún mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá obìnrin jà.

Mo wọlé, mo jókòó tì í. Mo gbìyànjú láti rántí ọ̀rọ̀ tí mo ti bá a sọ láti ọjọ́ Mọ́ńdè. Iye epo tó kù nìkan ni mo ti ń bi í.