Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Olè Nínú Fíìmù ní Kétu

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Kétu, láyé ìgbà tí fíìmù fídíò gbòde. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn pẹtiróòlù, àyà mi máa ń já.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n mo wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Alápẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo máa ṣe olè. Màá já báàgì gbà lọ́wọ́ Aunty Bísí, òṣèré ẹgbẹ́ wa, nínú ọjà, màá sì sá lọ.

Ẹ mọ bí àwọn ará ọjà ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá rí kámẹ́rà: wọ́n á máa juwọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín! Ọ̀gá wa ò fẹ́ ìyẹn. Ó gbé kámẹ́rà pamọ́ sójú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, ó ní ká má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé kò ní léwu? Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ń wò mí látòkè.

Mo já báàgì. Aunty Bísí lọgun, "Olè!" Áà, ó mọ̀ ọ́n ṣe jù!

Mi ò tíì sáré dé ìdí àwọn aláta tí ẹnì kan fi gbá mi lẹ́sẹ̀. Igi, bàtà, òkúta! Mo ń pariwo pé fíìmù ni.

"Fíìmù ni? A máa bá ẹ ṣe apá kejì lónìí!"

Aunty Bísí sáré dé, ó ń bẹ̀ wọ́n pé eré ni. Wọ́n ní àbí àwa méjèèjì jọ ń jalè ni? Ni ó bá ń fẹ̀yìn rìn kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ọkùnrin kan fi táyà kọ́ mi lọ́rùn. Ọlọ́kadà kan ti ń fa pẹtiróòlù nínú ọ̀kadà rẹ̀.

Mo gbójú sókè. Kámẹ́rà ṣì wà lójú fèrèsé, ó dojú kọ mí.

Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e sáré sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun rò pé mo ń ṣe é dáadáa ni! Nígbà tí wọ́n rí kámẹ́rà, ẹ mọ ohun tí àwọn kan ṣe? Wọ́n ń juwọ́! Táyà ṣì wà lọ́rùn mi.

Fíìmù náà jáde. Àwọn èèyàn ní, "Daddy, ẹ mọ ẹkún sun o!" Mo kàn ń dúpẹ́ ni. Ọkùnrin onítáyà yẹn ṣì wà ní Kétu. Tó bá rí mi, ó máa ń juwọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ fún àdúgbò kí ẹ tó ya fíìmù. Bí ẹ bá sì gbọ́ "Olè!", ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ lójú yín rí? Ẹ sọ fún mi, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ṣì ń wẹ̀yìn.