Ọjọ́ Tí Mo Wá Tálákà Kiri ní Avéa

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Avéa, àdúgbò kan ní olú ìlú Gabon, kí ẹ sì bá mi rẹ́rìn-ín!

Ìlú yìí ni wọ́n bí Sàlámátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, sí. Ọmọ Gabon ni ìyá rẹ̀, Faransé ló sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu jù. Ó ti yege nínú apá àkọsílẹ̀ ìdánwò iṣẹ́ ìjọba, èyí tí à ń pè ní kọ́ńkúù níbí. Ìdánwò àfẹnusọ ló kù, lọ́jọ́ Ajé. Àfẹnusọ yìí kan náà ló gbé e ṣubú lọ́dún tó kọjá!

Orí kí ni wọ́n fẹ́ bi í? Ètò ìrànwọ́ ìjọba fún tálákà. Háà, ilé mi nìyẹn! Lóòótọ́, ṣájà fóònù ni mò ń tà ní àdúgbò Nombakélé, ṣùgbọ́n ìwé lórí ètò ìrànwọ́ kún abẹ́ káńtà mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń wo òrùlé, ohun ìdáná àti iye ènìyàn tó ń sun yàrá kan, kí wọ́n tó pe ilé kan ní ilé tálákà.

Mo ní kí èmi àti Sàlámátù lọ dánra wò ní Avéa. Mo kọ ìbéèrè méjìdínlógún sínú ìwé, mo fi báìrò há etí, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Ràṣídá tó ń dín àkàrà.

Mo bi í pé ọmọ mélòó ló ní. Yéè! Ó ju ṣíbí sílẹ̀.

"Músílíù, ta ní ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Ṣé ewúrẹ́ ni wọ́n?"

Mo yára fo ìyẹn. Ṣé oúnjẹ ń tó? Ó ní a dúpẹ́. Òrùlé ńkọ́? A dúpẹ́. (Òjò ń kán sí mi lọ́rùn bó ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ o!) Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe ilé tálákà.

Àfi bí ẹnì kan ṣe pariwo níta pé ìjọba fẹ́ pín ìrẹsì! Kíá, Alhaji tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ fi aṣọ bo fìríìjì rẹ̀, ó bọ́ bàtà tuntun, ó ń tiro. Ìyá Ràṣídá náà ní kí n pa gbogbo "a dúpẹ́" yẹn rẹ́!

Ibẹ̀ ni Sàlámátù ti kúnlẹ̀. "Màmá, abọ́ mélòó lẹ bu oúnjẹ sí lálẹ́ àná?"

"Mẹ́jọ."

"Tiyín ńkọ́?"

"Tèmi kẹ̀? Ìdí ìkòkò ni mo ha jẹ."

Mo rọra ká ìwé mi pọ̀, mo kì í bọ àpò.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n bi Sàlámátù bí yóò ṣe mọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Ó ní òun kò ní ka ọmọ ọlọ́mọ. Abọ́ lòun máa kà, òun á sì wá ẹni tí kò ní abọ́ níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, ó sì yege!

Mo sáré lọ sọ fún Ìyá Ràṣídá. Ó gbàdúrà, ó bu àkàrà fún mi, ó wá bi mí pé ìrẹsì dà?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí á tó béèrè, kí á kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ti èèyàn lójú. Ẹ̀yin ńkọ́, ìbéèrè wo ni wọ́n bi yín rí tí inú fi bí yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má bi mí ní iye ọmọ mi o!