Ẹyẹlé Ìyá Mi

Òórùn ẹ̀kọ láfún ló máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà láyé ìgbà náà, ẹ mọ òórùn tí mò ń wí: ó kan díẹ̀, bíi ti ògì tó ti sùn. Kì í ṣe ẹ̀kọ jíjẹ o. Aládìrẹ ni ìyá mi. Ẹ̀kọ náà la fi ń yàwòrán sára aṣọ funfun kí a tó rì í sínú aró.

Ìyẹ́ adìyẹ ni bírò tiwa. Mi ò wọ ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n mi ò tíì ga tó ìkòkò aró tí mo ti ń fi ìyẹ́ ya ẹsẹ̀ ẹyẹ. Ẹyẹlé tí ìyá mi máa ń yà yàtọ̀ sí ti àwọn aládìrẹ yòókù: ó bojú wẹ̀yìn, ó sì ká ìrù bí ẹni tó ká ẹní. Bí mo bá dúró pẹ́ lórí ìrù yẹn, ìyá mi á ní, "Má ronú lé e lórí, Sàfú. Ojú ló ń gbàgbé, ọwọ́ kì í gbàgbé."

Ọkọ gbé mi wá sí Èkó, mo ń ta mílíìkì àti ṣúgà lọ́jà Agbójú, ìyẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Aṣọ kan ṣoṣo tó kù tó ní ẹyẹlé yẹn lára, mo fi pọn àwọn ọmọ mi títí ó fi gbó.

Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ gbòde, ìyá mi ti kú, èmi náà ti di ìyá àgbà ní Festac. Ọjọ́ kan ni Bísọ́lá, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí, ní kí n ya ẹyẹlé tí mo máa ń ròyìn náà fún òun. Mo mọ̀ pé ó ká ìrù, ṣùgbọ́n bí ìrù ṣe ká, ojú mi ò rí i mọ́. Kò sí ẹlòmíì láyé tó mọ̀ ọ́n. Bí èmi bá lọ, ó lọ nìyẹn.

Bísọ́lá fi abẹ gbẹ́ pẹ́ńsù fún mi. Láràárọ̀, bí mo bá kírun àsùbáà tán, màá tẹ́ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àsàlátù sórí ẹsẹ̀ ní balùkónì, màá máa yà. Ẹyẹ àkọ́kọ́, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Bísọ́lá.

"Màmá, ẹyẹlé nìyí àbí kannakánná?"

"Ìyá ẹ ló jọ kannakánná!"

Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Mo ti kun inú ẹyẹ náà bí mo ṣe máa ń fi ẹ̀kọ kùn ún. Lára aṣọ, ibi tí ọwọ́ aládìrẹ bá kàn ló ń funfun, torí aró kì í wọ ibi tí ẹ̀kọ bá wà. Pẹ́ńsù ò mọ̀yẹn. Ibi tó bá kàn ló ń dú.

Mi ò jáwọ́. Ọwọ́ mi tó ti le bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Adùn rẹ̀ wọ̀ mí lára débi pé ògì máa ń hó dànù lórí sítóòfù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi inú ẹyẹ sílẹ̀, mo ń kun ìta rẹ̀. Bísọ́lá ń pariwo pé òun ò rí ìbọ̀sẹ̀ òun, mò ń dá a lóhùn, ọwọ́ ń lọ. Ìgbà tí mo máa wolẹ̀, ìrù ti ká wọnú ara rẹ̀, ó funfun báláú láàárín dúdú.

"Màmá, kí ló dé tí ẹ ń sunkún?"

"Ìyá mi ló dé."

Ọmọ tó ń fi ìyẹ́ yàwòrán lọ́jọ́sí, ojú ìyá rẹ̀ ló máa ń wò kó tó mọ̀ pé ẹyẹ òun dára. Èmi arúgbó yìí, ọwọ́ ara mi ni mò ń wò. Bísọ́lá náà ti ń ya tirẹ̀ báyìí. Ìrù ẹyẹ rẹ̀ ṣì gùn jù. Mo ní kó má ronú lé e lórí.