Òróró Lórí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Mad Chinook

Fọláhàn Akínbámi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, ẹnjiníà tó ń gbé ní àdúgbò Copperfield ní Canada, kò tíì bọ́ nínú ìpayà tó bá a ní Sátidé tó kọjá. Lọ́jọ́ náà ló fọ́n ọ̀dà sára bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àfihàn àtijọ́ kan tó ti ń tún ṣe nínú garage rẹ̀ láti bí ọdún méjì. Ọ̀dà náà kọ́kọ́ tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán gbinrin. Kó tó bọ́ ìbòmú rẹ̀, ihò kan là lójú ọ̀dà, òmíràn là lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì máa ṣẹ́jú, gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì ti di ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná bá jà.

Ṣeunfúnmi ìyàwó rẹ̀ gbọ́ igbe láti ilé ìdáná. Ó sáré wọ garage pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

"Kí ló ṣubú lù ẹ́?"

"Wá wò ó! Ṣeun, wá wò ó!"

"Kí ni kí n wò? Yéè! Kí ló ń jẹ ẹ́?"

Fọláhàn tọ́ka sí bọ́nẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tó já a láyà kì í ṣe pé kò mọ ohun tó fà á, pé ó mọ̀ ọ́n ni. Iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni kó máa yẹ ọ̀dà tí wọ́n fi ń bo páìpù epo rọ̀bì wò kí ìpẹtà má baà jẹ páìpù náà. Ó ti dá iṣẹ́ àwọn àgbàlagbà padà nítorí pé ẹnì kan fi ọwọ́ lásán kan irin tí wọ́n ti fọ̀ sílẹ̀ de ọ̀dà. Òróró ara ọwọ́ kò tó nǹkan, ọ̀dà kì í sì í fẹ́ ẹ sétí. Ibi tó bá ti pàdé rẹ̀, yóò sá kúrò níbẹ̀, yóò fi ihò sílẹ̀. Irú èyí tó ṣẹlẹ̀ lára bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí kì í sì í ṣe ti ìka kan. Ẹnì kan ti da òróró sí i.

Ọkọ̀ tí à ń wí yìí kì í ṣe ọkọ̀ Fọláhàn. Walter Hrynchuk, wẹ́dà kan ní ìlú Cochrane, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é ní ọdún 1968. Láyé ìgbà náà, káàkiri ìwọ̀-oòrùn Canada, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin máa ń kó ọkọ̀ tí wọ́n dá lárà jọ sínú gbọ̀ngàn ńlá nígbà snow, kí ará ìlú wá wò ó, kí àwọn adájọ́ sì fún un ní máàkì. Bí ọkọ̀ bá ṣe ya wèrè tó ni òkìkí ẹni tó ṣe é ṣe ń kàn tó. Egungun ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti kú ni Walter fi ṣe ìpìlẹ̀. Ara rẹ̀ jẹ́ fáíbà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi kékeré. Òrùlé rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n yan nínú ààrò búrẹ́dì títí ó fi wú bí abọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Iná ńlá kan ṣoṣo ló wà níwájú, ní apá òsì. Apá ọ̀tún kò ní nǹkan kan. Ó sọ ọ́ ní Mad Chinook, nítorí Chinook ni atẹ́gùn gbígbóná tó ń já bọ́ láti orí àwọn òkè nígbà òtútù, tó ń yọ́ snow kí ìlú tó jí.

Àwọ̀ rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni tó bá rí i kì í gbàgbé. Lẹ́búlẹ́bú irin tó ń dán ni wọ́n pò mọ́ ọ̀dà náà, ó wá dà bí ọrùn ẹyẹlé: bí o bá wò ó níhìn-ín, ewé ni, bí o bá sún díẹ̀, ó di àlùkò.

Nígbà tí àwọn àfihàn wọ̀nyẹn tán, Walter ti ọkọ̀ náà sínú àká oko rẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí snow fi wó òrùlé àká lulẹ̀, tí igi àjà sì rún bọ́nẹ́ẹ̀tì wómúwómú. Caroline ọmọ Walter, tó ń bá Fọláhàn ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan náà, mọ̀ pé ó máa ń tún ọkọ̀ ṣe ní ìparí ọ̀sẹ̀. Ó ní kó wá bá òun wò ó.

Fọláhàn kò gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ṣí tapólì kúrò lórí rẹ̀. Ó ṣe "háà", ó sì fà sẹ́yìn.

"Ta ló ń wa irú èyí?"

Walter, tó ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún, rẹ́rìn-ín. "Èmi ni. Ọlọ́pàá dá mi dúró lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Mi ò ṣẹ̀ wọ́n. Wọ́n kàn fẹ́ wo inú rẹ̀ ni."

Ojú Walter ti ń kú lọ. Dókítà ti sọ pé kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣókùnkùn. Ohun tí Caroline ń bẹ Fọláhàn fún nìyẹn: kó tún Mad Chinook ṣe kí bàbá òun fi ojú rí i lẹ́ẹ̀kan sí i lórí pèpéle àfihàn, pẹ̀lú àwọ̀ bàbá òun lára rẹ̀, kí ojú náà tó kú tán. Àwọ̀ ara ọkọ̀ ṣì wà. Wọ́n kàn rọra fọ̀ ọ́ ni. Bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan ni kò sí mọ́. Fọláhàn wo àwọn fọ́tò àtijọ́, ó fi fáíbà mọ bọ́nẹ́ẹ̀tì tuntun. Lẹ́búlẹ́bú irin tó kù kò ju ìgò jáàmù kan lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe irú rẹ̀ mọ́. Gbogbo rẹ̀ ló fọ́n ní Sátidé.

Ní Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ó gba àdúgbò Taradale lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Níkẹ́ jẹ́ nọ́ọ̀sì, ó ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, òun ló sì tọ́ Fọláhàn dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó ní rìmóòtù garage náà lọ́wọ́, nítorí òun ló máa ń gbé àwọn ọmọ Fọláhàn wálé láti school.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ garage lọ́jọ́ Friday?"

"Mo wọ̀ ọ́. Àbí wọ́n ti fòfin dè mí ni?"

"Kí lẹ ṣe níbẹ̀?"

"Àdúrà. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe nínú òtútù?"

Fọláhàn rọra jókòó. "Ẹ ta òróró sí i?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Toyota rẹ ńkọ́, ṣé mi ò ta òróró sí i? Van ìyàwó rẹ ńkọ́? Mọ́tò wo ló wọ ìdílé yìí tí mi ò gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀? Èyí wá jẹ́ olójú kan. Olójú kan, Fọláhàn! Mo ṣí garage, ó ń wò mí. Mo ní, ọmọ ìyá mi ló ń bá eléyìí sùn nínú ilé kan náà? Mo ta á sí i dáadáa."

"Ibo lẹ ta á sí?"

"Gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa á yíká. Mo wá fi tissue nù ún, kó má baà dọ̀tí sí ẹ lọ́wọ́. Èmi kì í ṣe ọ̀bùn."

Fọláhàn gbé ọwọ́ lérí. Níkẹ́ kọ́kọ́ fi í ṣẹ̀rín.

"Kí ló dé? Ṣé ó lọ bá ẹ jà lóru ni?"

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó sọ ti ìgò jáàmù. Ó sọ ti ojú Walter. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Níkẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára.

"Òróró tèmi? Tí mo fi gbàdúrà sí i?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Èmi náà jẹ̀bi. Ó yẹ kí n tún un nù láàárọ̀ Sátidé. Ilẹ̀kùn wà ní títì, mo rò pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án."

"Má rẹ̀ mí lẹ́kún. Ta ló máa sọ fún bàbá yẹn?"

"Èmi ni."

"Irọ́ ni. Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹnu mi ló máa wí i."

Ní Monday, àwọn méjèèjì forí lé Cochrane. Caroline ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀, kò mọ ìdí rẹ̀. Ó ti ṣe tíì sílẹ̀. Níkẹ́ kò dúró gba tíì. Bó ti rí Walter lórí àga rẹ̀, ló kúnlẹ̀ gbì lórí kápẹ́ẹ̀tì. Caroline fò dìde, ó rò pé ó ṣubú ni, ó fẹ́ lọ pe ambulance.

"Kò ṣubú," ni Fọláhàn wí. "Ó ń bẹ yín ni."

Níkẹ́ sì ro gbogbo rẹ̀ láìyọ nǹkan kan kúrò, títí dé orí tissue. Nígbà tó parí, Caroline ti funfun bí ògiri.

"Gbogbo ìgò náà?" ló bi Fọláhàn. "Kò ku nǹkan kan?"

"Kò ku nǹkan kan."

Caroline bú sẹ́kún. "Àwọ̀ Dad nìyẹn. Inú àwọ̀ yẹn ni mo dàgbà sí. Kò lè rí i mọ́ báyìí."

"Àwọ̀ wo?" ni Walter bèèrè.

"Àwọ̀ Mad Chinook, Dad."

"Èwo nínú wọn?"

Caroline gbójú sókè wò ó.

"Ọdọọdún là ń pa àwọ̀ wọn dà," ni bàbá arúgbó náà wí. "Bí o bá gbé ọkọ̀ wá pẹ̀lú aṣọ èṣí, àwọn adájọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ kọjá. Pupa ló kọ́kọ́ jẹ́. Ó di funfun tó ní òdòdó. Ọdún tí àfihàn tán ló bá aláwọ̀ ewé yẹn lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ó dára jù."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O fẹ́ràn rẹ̀." Walter yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Mi ò tilẹ̀ rí i mọ́, Caroline. Láti ọdún tó kọjá, nígbà tí Fọláhàn bá gbé mi lọ wò ó, eérú ni mò ń rí. Mo kàn ń sọ pé ó dára ni."

Caroline ṣí ilẹ̀kùn, ó jáde lọ dúró nínú snow láìwọ kóòtù. Fọláhàn kò mọ̀ bóyá kó tẹ̀ lé e tàbí kó jókòó. Láti ọdún méjì ló ti ń dáàbò bo àwọ̀ tí ẹni tó ń ṣe é fún kò rí mọ́.

Ìwọ̀n ìgbà tí Níkẹ́ fi dìde lórí orúnkún, ìṣe nọ́ọ̀sì ti padà sára rẹ̀. Wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àwọ̀ wo ni ẹ ṣì ń rí?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

"Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n fi yellow, àwọ̀ ìyeyè, kun etí àtẹ̀gùn, torí òun ló máa ń pẹ́ jù lójú àwọn bàbá. Ẹ máa ń rí bọ́ọ̀sì school aláwọ̀ ìyeyè tó bá ń kọjá?"

Walter ronú. "Ìyẹn? Mo máa ń rí i kó tó dé kọ́nà."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ ìyeyè kun bọ́nẹ́ẹ̀tì."

Fọláhàn la ẹnu. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ìyeyè lára ọkọ̀ ọrùn ẹyẹlé! Ó ṣe ojú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó panu mọ́. Ṣùgbọ́n Walter ti ń fi ọwọ́ lu apá àga.

"Ìyeyè! Tó mú ojú! Wọ́n á ní mo ti ya wèrè tán."

"Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ o, Bàbá," ni Níkẹ́ dáhùn.

Nígbà tí Caroline wọlé, imú rẹ̀ ti pọ́n. Nígbà tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìyeyè fún un, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìyókù ara ọkọ̀ náà. Walter ní bọ́nẹ́ẹ̀tì nìkan tó òun. Títí di báyìí, Caroline kò tíì sọ bóyá òun á wá nígbà tí wọ́n bá ń fọ́n ọ̀dà náà.

Láti ọjọ́ náà, Fọláhàn ti há ọ̀dà oníhò kúrò títí ó fi kan fáíbà, ó sì ti fi òògùn tó ń bọ́ òróró kúrò fọ̀ ọ́ léraléra. Níkẹ́ ti mú rìmóòtù jáde nínú àpò rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì ilé ìdáná Fọláhàn fúnra rẹ̀.

Ní Sátidé yìí, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, Fọláhàn yóò wakọ̀ lọ sí Cochrane lọ mú Walter wá. Bí ọ̀sán bá pọ́n, tí garage ti móoru dáadáa, wọn yóò fọ́n ọ̀dà ìyeyè náà.