Iyọ̀ Tó Wà Lẹ́yìn Ọgbà

Ìyálé mi ni mo fura sí. Ta ni ì bá tún jẹ́? Ẹ̀yìn ọgbà ilé wa ní ìgbèríko Kpoulou ni ọkọ wa fún mi kí n gbin tòmátì sí, oko àkọ́kọ́ tó máa jẹ́ tèmi nìkan látìgbà tí mo ti wọ ilé náà. Lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ́ jáde, ìyálé mi dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ilẹ̀ yẹn ò dáa. Wá ibòmíràn." Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ọdọọdún ni pápásán ń hù níbẹ̀, ewé rẹ̀ á sanra, á máa dán. Ilẹ̀ wo ló tún dáa jùyẹn lọ? Mo ní ara ló ń ta á.

Tòmátì hù dáadáa. Àfi ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí ilé ìdáná rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ láti etí ewé wá. Mo bomi rin ín títí, kò gbọ́. Mo wá rí nǹkan funfun kan lójú ilẹ̀, mo fi ìka kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ló ní iyọ̀ nínú ilé wa? Ìyálé mi ló ń ra ẹja oníyọ̀ ní Àjàṣẹ́, tó ń rẹ ẹ́ sómi kí iyọ̀ ara rẹ̀ lè dín kù, kó tó dín in lọ sọ́jà Adja-Ouèrè. Láràárọ̀ ni mo sì ń rí ipa ẹsẹ̀ obìnrin lẹ́bàá ebè mi, ilẹ̀ á tutù, ojú ibi tí wọ́n gbé korobá lé á hàn kedere. Inú bí mi dé ibi tí kò dé rí. Oyún wà nínú mi nígbà náà. Mo ní ẹni tó lè pa ewéko mi báyìí, ọmọ inú mi ló kàn. Mo di ẹrù mi, mo tì í sábẹ́ ibùsùn. Bí mo bá ti gbá a mú, ilé bàbá mi nínú ìlú ni mò ń lọ, n ò sì ní padà mọ́.

Mo kọ́kọ́ fọgbọ́n bi àbúrò ọkọ mi tó ń kọ́ ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì, ẹni tí mò ń pè ní Akọ̀wé. Mo ní, "Akọ̀wé, kí ló dé tí iyọ̀ ń pa tòmátì, tí kò pa pápásán tó wà láàárín rẹ̀?"

Ó já ewé méjèèjì, ó ní inú ewéko kún fún yàrá tíntìntín tí ojú lásán ò lè rí, awọ fẹ́lẹ́ ló sì bo yàrá kọ̀ọ̀kan. Inú awọ yẹn làwọn aṣọ́nà wà, pùròtéìnì ni wọ́n ń pè wọ́n níléèwé. Àwọn kan ń gba omi wọlé, àwọn kan ń ti iyọ̀ síta. Èyí tó bá ráyè wọlé, àwọn mìíràn á kó o sínú àká kan láàárín yàrá náà, wọn á sé e mọ́bẹ̀ kó má bàa ba nǹkan jẹ́. Tòmátì ní àwọn aṣọ́nà tirẹ̀, àmọ́ kì í pẹ́ tí iyọ̀ fi ń borí wọn. Ti pápásán ò gbà fún iyọ̀ bọ̀rọ̀.

Ó ní, "Bí ilé yìí náà ṣe rí nìyẹn. O mọ̀ pé Òòṣà wa kì í fojú kan iyọ̀, a kì í da omi iyọ̀ sí àgbàlá. Láti ayé ìyá wa àgbà, ẹ̀yìn ọgbà la ń gbé e lọ dà sí."

Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Ẹja ìyálé mi ló jẹ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òróró ṣì wà létè rẹ̀. Èmi ò gba ẹ̀rí ẹni tí wọ́n ti fi ẹja dí lẹ́nu.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ń mọ́ bọ̀, mo lọ fara pa mọ́ sẹ́yìn àká àgbàdo. Kò pẹ́ tí ìyálé mi fi gbé korobá dé, tó bẹ̀rẹ̀, tó ń rọra da omi sídìí tòmátì. Mo jáde sí i. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Kò tiẹ̀ ta gìrì. Mo ti ọwọ́ bọ korobá, mo fi kan ahọ́n. Mo tún un tọ́ wò. Omi pọ́ǹpù lásán ni, kò níyọ̀ rárá.

Ó ní, "Omi tó dáa, tó pọ̀, ló ń fọ iyọ̀ lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà ni mò ń da omi ẹja mi sí látọjọ́ tó o ti gbìn ín."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ tó o gbé ọkọ́ jáde, kí lo fi ṣe? Bí mo bá sì bu omi yìí lójú ẹ, ṣé o ò ní ní mo ti da oògùn sí i?"

Ó da èyí tó kù sídìí ebè, ó gbé korobá rẹ̀, ó wo ikùn mi. Ó ní, "Lọ tú ẹrù abẹ́ ibùsùn yẹn. Aṣọ ọmọ wà nínú ẹ̀, eku á jẹ ẹ́."

Mo wọlé, mo tú u. N ò tíì mọ bó ṣe mọ̀ títí dòní, n ò sì bi í.